Gìtá Tó Wọ Inú Ghana-Must-Go

Àkọsílẹ̀ ọ̀rọ̀ ohùn alẹ́ ọjọ́ Àìkú, fún àwọn tí dátà wọn kò gbé ohùn. Ohùn márùn-ún ni. Bí a ṣe gbọ́ ọ la ṣe kọ ọ́. Ikọ́ àti ariwo jẹnẹrétọ̀ nìkan la yọ kúrò.

Ohùn kìíní

Ẹ kú alẹ́ o, ẹ̀yin èèyàn wa ní Ekosodin, ní Ugbowo, ní Uselu, àti ẹ̀yin tẹ́ ẹ wà lọ́nà Èkó tẹ́ ẹ lọ kó ọjà. Ẹ kú ọjà o, ẹ kú àìsinmi. Ọlọ́run á jẹ́ ká jèrè.

Mo rí ọ̀rọ̀ tó ń jà ràn-ìn nínú gúrúùpù wa láti Ọjọ́bọ̀. Ọmọ iṣẹ́ ẹnìkan nínú wa, ní Ekosodin níbí, gé pákó bẹ́ẹ̀dì kan tó ti ṣẹ́. Ó ní gìtá oníná lòun fẹ́ fi ṣe, èyí tó kéré, tó máa wọ inú báàgì tóun bá ń lọ sílé fún ọdún. Ọ̀gá rẹ̀ bínú. Àwọn kan nínú wa ní kó yáa dá a padà fáwọn òbí ẹ̀, pé ọmọ tó bá ti ń gbẹ́ gìtá kò ní í gbájú mọ́ iṣẹ́ mọ́. Ìyá wa kan ní pákó náà kì í ṣe ti ọ̀gá, inú pàǹtí lọmọ ti mú un. Ẹlòmíì ní gìtá oníná wo lèèyàn ń ṣe nílé, ṣé ó máa ṣe fíríìjì náà tó bá yá? A rẹ́rìn-ín o, àmọ́ ọ̀rọ̀ ọmọ ọlọ́mọ ni. Ọmọ tí wọ́n bá dá padà lọ́dún kejì ìkọ́ṣẹ́, ẹ mọ ojú tí wọ́n fi ń wò ó nílé.

Wọ́n ní kí èmi tí mo máa ń sọ ìtàn dá sí i. Màá sọ ibi tí mo dúró sí. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ sọ ọ̀nà tí gìtá gbà dé ọ̀dọ̀ wa, torí ó jọ pé a ti gbàgbé pé ọwọ́ àwọn èèyàn bíi tiwa ló gbà wá: ẹni tó filé sílẹ̀ nítorí oúnjẹ.

Ẹ wo etíkun Làìbéríà. Àwọn èèyàn kan wà níbẹ̀ tí wọ́n ń pè ní Kúrù. Nígbà tí ọkọ̀ ojú omi òyìnbó ń ná etíkun wa, àwọn Kúrù ni wọ́n sábà máa ń gbà síṣẹ́. Àwọn ló ń kó ẹrù wọlé tí wọ́n ń kó o jáde, àwọn ló ń fi ọkọ̀ kékeré la ìgbì kọjá dé èbúté. Wọ́n dé Freetown, wọ́n dé Accra, wọ́n dé Èkó, wọ́n sọ̀ kalẹ̀ títí dé apá Kóńgò. Ọwọ́ àwọn atukọ̀ òyìnbó ni wọ́n ti rí gìtá, ṣùgbọ́n wọn ò tẹ̀ ẹ́ bíi ti òyìnbó. Àtàǹpàkò àti ìka tó tẹ̀ lé e nìkan ni wọ́n fi ń fa okùn: àtàǹpàkò ń mú ohùn ìsàlẹ̀, ìka kejì ń kọrin. Ẹnìkan ṣoṣo jókòó sórí àpótí ẹrù, ó ń dá orin, ó sì ń gbe é fúnra rẹ̀.

Kí ló dé tó jẹ́ gìtá? Torí ó ṣe é gbé ni. Dùùrù ò lè wọ ibi tí atukọ̀ ń sùn. Ìlù pàápàá, ẹ̀yin tẹ́ ẹ mọ̀ ọ́n lù, ẹ mọ̀ pé ẹnìkan ò lè dá lu ìyáàlù àti omele pọ̀. Gìtá nìkan lẹni tó jìnnà sílé lè gbé kọ́ èjìká kó sì di odindi ẹgbẹ́ òṣèré.

Ọwọ́ wọn ló ti ràn. Ní Gold Coast, tó di Ghana lónìí, ọkùnrin kan tó ń jẹ́ Jacob Sam, tí wọ́n tún ń pè ní Kwame Asare, kọ́ ọ lọ́wọ́ ará Làìbéríà kan. Lọ́dún 1928, òun àtàwọn méjì tí wọ́n jọ ń jẹ́ Kumasi Trio lọ sí London, wọ́n gba orin sínú àwo fún Zonophone. Ọ̀kan nínú rẹ̀ ni "Yaa Amponsah", tí àwọn onígìtá Ghana ò fi sílẹ̀ títí di bí mo ṣe ń sọ̀rọ̀ yìí. Ní Èkó, ilé ẹlẹ́mu ni gìtá wọ̀ sí. Tunde King, ọmọ Èkó, gba àwo jùjú tirẹ̀ lọ́dún 1936; ohun tó ń tẹ̀ jẹ́ àdàlù gìtá àti báńjò. Nígbà tó yá, wọn ò rí Tunde King mọ́. Ó ti gba ọ̀nà àwọn ìlú tó ń sọ Faransé lọ, ó ń gbé àwọn èbúté bíi Dakar àti Conakry. Ọdún 1954 ni wọ́n tó tún fojú kàn án l'Ékòó. Ọ̀pọ̀ ọdún gbáko! Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ti lo ọdún mẹ́wàá ní Bìní, tẹ́ ẹ ṣì ń sọ pé ẹ máa padà sílé lọ́dún tó ń bọ̀, ẹ rí ẹnìkejì yín.

Ohùn kejì

Ẹ má bínú, ẹnìkan ló pè mí. Mo ń bá a lọ.

Ọ̀rọ̀ ọ̀gá àti ọmọ iṣẹ́ tó fẹ́ràn orin yìí, kì í ṣe orí wa ló ti bẹ̀rẹ̀. Ẹ̀yin àgbà inú wa mọ I.K. Dairo. Ọ̀fà ni wọ́n ti bí i lọ́dún 1930, Ìjẹ̀bú-Jẹ̀ṣà ni ìdílé rẹ̀ ti wá. Bàbá rẹ̀ ń ṣe káfíńtà fún rélùwéè ní Ọ̀fà, bàbá yìí ló sì fọwọ́ ara rẹ̀ kan ìlù àkọ́kọ́ fún un. Nígbà tó di 1948, Dairo ti wà ní Ẹdẹ, ó ń kiri aṣọ fún ọ̀gá kan. Aṣọ ni o, bíi tàwọn kan nínú wa níbí. Lọ́jọ́ kan ọ̀gá ò sí nílé, Dairo bá tẹ̀ lé àwọn ẹlẹ́gbẹ́ rẹ̀ lọ ṣeré níbi ìnáwó kan. Àṣé ọ̀gá ń padà bọ̀ lọ́jọ́ náà gan-an. Bí iṣẹ́ ṣe bọ́ nìyẹn. Ó ṣe iṣẹ́ alágbàṣe, ó tọ́jú owó díẹ̀, ó gba Ìbàdàn lọ. Lọ́dún 1957 ó dá ẹgbẹ́ tirẹ̀ sílẹ̀. Lọ́dún 1963, ìjọba Gẹ̀ẹ́sì fi oyè MBE dá a lọ́lá.

Àwọn kan á ní, ẹ ò rí nǹkan, lílé tí ọ̀gá lé e ló sọ ọ́ di èèyàn. Èmi ò gbà. A mọ Dairo torí pé ó yege. Àwọn tí wọ́n lé tí wọn ò yege, ta ló kọ ìtàn tiwọn? Ṣùgbọ́n ẹ wo ohun tí ọ̀gá Ẹdẹ yẹn bínú sí. Kì í ṣe orin. Ọjà tí kò sí ẹni tó ń bójú tó o ni. Ìdí nìyẹn tí mo fi bi ọ̀gá ọmọ wa léèrè, mo sì bi í ní gbangba níbí: ṣé ìgbà ọjà ló ń gbẹ́ pákó ni, àbí alẹ́? Ó dá mi lóhùn pé alẹ́ ni, lẹ́yìn tí wọ́n bá ti ti ṣọ́ọ̀bù. Ó dáa. Kí la wá fẹ́ dá a padà fún? Àwọn tó ń fi gbogbo alẹ́ ta tẹ́tẹ́ bọ́ọ̀lù lórí fóònù, a ò dá wọn padà. Ibi tí mo dúró sí nìyẹn, ẹni tó bá fẹ́ bá mi jà, kó dúró dìgbà tí mo bá parí ọ̀rọ̀.

Èyí tó dùn mí jù ni bí wọ́n ṣe ń sọ ọ́ bí ẹni pé kí èèyàn fọwọ́ ara rẹ̀ ṣe ohun èlò orin jẹ́ ìwà ọ̀lẹ. Kí gìtá tó dé, ta ló ń ṣe mólò? Ẹni tó fẹ́ ta á náà ni. Igi tí wọ́n gbẹ́ inú rẹ̀, awọ tí wọ́n fi bò ó, ọ̀pá kan, okùn díẹ̀, ó parí. Níbí ní Bìní, àwọn Ẹdó ní ohun kan tí wọ́n ń pè ní akpata: igi tí inú rẹ̀ ṣófo, tí ọ̀pá tẹ́ẹ́rẹ́-tẹ́ẹ́rẹ́ yọ lára rẹ̀, okùn kọ̀ọ̀kan ní ọ̀pá tirẹ̀. Wọ́n máa ń ta á sí ìtàn alẹ́. Wọ́n tún ní asologun, tó dà bí àgídìgbo wa, ṣùgbọ́n tó kéré tí ọwọ́ méjèèjì lè gbé e. Kò sí ṣọ́ọ̀bù kankan tí wọ́n ti ń ta ìwọ̀nyí nígbà yẹn.

Ohùn kẹta

Ẹ jẹ́ ká wá sí ìlú tá a wà yìí gan-an.

Victor Uwaifo. Bìní ni wọ́n ti bí i, lọ́dún 1941. Gìtá tí wọ́n rà ní ṣọ́ọ̀bù kọ́ ló fi bẹ̀rẹ̀ o. Bí òun fúnra rẹ̀ ṣe máa ń sọ ọ́, plywood ló fi ṣe ara gìtá àkọ́kọ́ tó ní. Sípóòkì kẹ̀kẹ́ ló gé sí wẹ́wẹ́, tó tò dábùú ọrùn rẹ̀ níbi tí ìka máa ń tẹ̀. Àwọn kọ́kọ́rọ́ tó ń fa okùn le, tó ń dẹ̀ ẹ́, kọ́kọ́rọ́ tí wọ́n fi ń ṣí agolo sàdíìnì ni. Ẹ fojú inú wò ó: ọmọdé kan tó ń ṣa kọ́kọ́rọ́ sàdíìnì kiri ààtàn. Tó bá jẹ́ pé ọmọ iṣẹ́ wa ni, a ti kó o sínú gúrúùpù. Àwọn onígìtá ilé ẹlẹ́mu ló sì lọ bá pé kí wọ́n kọ́ òun. Owó ilé ẹ̀kọ́ tó san ni ẹmu.

Lọ́dún 1957 ó wọ St Gregory's College l'Ékòó, ó jáde lọ́dún 1961. Ó lọ sí Yaba College of Technology, ó kọ́ iṣẹ́ àwòrán. Nígbà ìsinmi ó máa ń bá ẹgbẹ́ E.C. Arinze ṣeré. Ó ríṣẹ́ ayàwòrán sí ilé iṣẹ́ tẹlifíṣọ̀n. Lọ́dún 1965 ó dá ẹgbẹ́ Melody Maestros sílẹ̀, ó sì gbé "Joromi" jáde, orin nípa akọni oníjàkadì inú ìtàn Ẹdó. Philips fún un ní àwo góòlù lórí ẹ̀. Lẹ́yìn ẹ̀ ni "Guitar Boy", orin onígìtá tó pàdé mámíwọ́tà. Orin yẹn rìn jìnnà ju bí ẹnikẹ́ni ṣe rò lọ. Ní ọjọ́ 17 oṣù kẹrin ọdún 1967, àwọn ọmọ ológun kan ní Ghana fẹ́ gbàjọba. Orúkọ tí wọ́n fún iṣẹ́ tí wọ́n fẹ́ ṣe ni Operation Guitar Boy. Kò yọrí sí rere fún wọn, ṣùgbọ́n ọjọ́ yẹn ni wọ́n pa Ọ̀gágun Kotoka, ẹni tí wọ́n padà fi orúkọ rẹ̀ sọ pápákọ̀ òfurufú Accra. Orin ọmọ Bìní dé ibi tí òun fúnra rẹ̀ ò rán an.

Ohun tí mo fẹ́ kẹ́ ẹ kíyè sí nìyí: Uwaifo ò dá nǹkan ṣíṣe dúró nígbà tówó dé. Ó ní gìtá ọlọ́rùn méjì, olókùn méjìdínlógún. Ó ní èyí tó máa ń yí po bí ó ṣe ń tẹ̀ ẹ́ lọ́wọ́ lórí ìtàgé, tó jẹ́ pé àwọn èèyàn ń pariwo pé idán ni. Ó kan mọ́tò tirẹ̀, ó pè é ní Vision 001. Ó ń gbẹ́ ère. Nígbà tó ti gbajúmọ̀ tán, ó tún padà lọ jókòó sí kíláàsì ní Yunifásítì Bìní, ó kẹ́kọ̀ọ́ iṣẹ́ ọnà, ó gboyè, ó sì di olùkọ́ níbẹ̀. Ó ṣe kọmíṣọ́nnà fún ọ̀rọ̀ àṣà àti ìrìn-àjò afẹ́ ní ìpínlẹ̀ Edo láti 2001 sí 2003. Ọjọ́ 28 oṣù kẹjọ ọdún 2021 ló kú.

Yunifásítì Bìní yẹn ńkọ́? Fẹ́ǹsì ló yà á kúrò lára Ekosodin. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ tó ń ra búrẹ́dì àti ẹyin lọ́wọ́ wa láàárọ̀, irú wọn ló kọ́ níbẹ̀. Ọmọ iṣẹ́ tá a fẹ́ dá padà, tó bá dúró lẹ́yìn ṣọ́ọ̀bù ọ̀gá ẹ̀, ó lè máa wo ibi tí ọlọ́kọ́kọ́rọ́ sàdíìnì ti di olùkọ́ àgbà.

Ṣùgbọ́n ẹ má ṣe jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fi ìyẹn tan ọmọ náà. Gìtá tó ṣe kọ́ ló sọ Uwaifo di Uwaifo. Ọ̀pọ̀ ọmọ ló kan gìtá lọ́jọ́ náà lọ́hùn-ún tá ò mọ orúkọ wọn. Wọ́n tẹ̀ ẹ́, wọ́n gbádùn ẹ̀, wọ́n sì lọ ṣiṣẹ́ wọn. Ìyẹn náà dáa.

Ohùn kẹrin

Ó yá, ọ̀rọ̀ oníná. Ẹni tó ní ṣé fíríìjì náà ló kàn, súnmọ́ ibí.

Okùn gìtá tẹ́ẹ́rẹ́ gan-an. Tẹ́ ẹ bá na okùn yẹn sáàárín ìṣó méjì lára ògiri tẹ́ ẹ fà á, ẹ ò ní gbọ́ nǹkan tó tó nǹkan, torí kò lágbára láti ti afẹ́fẹ́. Inú àpótí gìtá ló ń bá a pariwo. Ìdí nìyẹn tí gìtá onípákó fi ní ikùn. Tẹ́ ẹ bá gé ikùn yẹn kéré, ohùn náà á kéré. Gìtá àwọn Kúrù ṣe é gbé lóòótọ́, ṣùgbọ́n ikùn ò jẹ́ kó wọ inú àpò.

Ohun tó tú okùn yìí sílẹ̀ ti wà tipẹ́. Lọ́dún 1831, Michael Faraday ní London rí i pé tí òòfà bá ń mira nítòsí wáyà bàbà tí wọ́n wé, iná máa ń sáré nínú wáyà náà. Jẹnẹrétọ̀ tó ń da orí wa rú lálaalẹ́ yìí, ọmọ rẹ̀ ni. Ó tó ọgọ́rùn-ún ọdún kí ẹnìkan tó lò ó fún gìtá dáadáa. George Beauchamp ni, ní Los Angeles, òun àti Adolph Rickenbacker, ní 1931 sí 1932. Wọ́n fi òòfà àti wáyà wíwé sábẹ́ okùn onírin. Okùn náà ń mira lórí òòfà, iná tín-ín-tín ń dìde nínú wáyà, ampilifáyà á sọ ọ́ di ńlá, súpíkà á sọ ọ́ padà di ohùn. Gìtá tí wọ́n fi ṣe é, ayọ́ ni gbogbo ara ẹ̀, ó rí roboto, ọrùn ẹ̀ gùn, àwọn èèyàn bá sọ ọ́ ní Páànù Ìdíndòdò. Orúkọ yẹn ò kúrò lára rẹ̀ dòní. Ọdún 1937 ni ìjọba Amẹ́ríkà tó fún Beauchamp ní ìwé àṣẹ lórí ohun tó ṣe.

Ẹ rí ohun tó ṣẹlẹ̀? Ikùn ò wúlò mọ́. Ohùn ti kúrò nínú pákó, ó ti bọ́ sínú wáyà. Les Paul, onígìtá ará Amẹ́ríkà, fi hàn gbangba ní nǹkan bí 1940: ó mú igi fọ́-bái-fọ́, irú èyí tẹ́ ẹ máa ń rí ní ibi tí wọ́n ti ń ta pákó, ó na okùn sórí rẹ̀, ó fi òòfà sí i, ó ń ṣeré. Àwọn èèyàn ò fẹ́ràn bó ṣe rí. Ó bá la gìtá onípákó kan sí méjì, ó lẹ̀ ẹ́ mọ́ ẹ̀gbẹ́ igi náà kó lè jọ gìtá. Ariwo ò yí padà. Ojú àwọn òǹwòran nìkan ló fi wẹ̀.

Tiwa ńkọ́? Ayinde Bakare. Lọ́dún 1949, òun ló kọ́kọ́ so iná mọ́ gìtá nínú jùjú. Ukulele-banjo ni Bakare ń tẹ̀ tẹ́lẹ̀. Ó rí máìkì kékeré kan tí wọ́n máa ń lẹ̀ mọ́ ara ohun èlò, ṣùgbọ́n kò sí ibi tí yóò lẹ̀ ẹ́ mọ́ lára ukulele-banjo yẹn. Kí ló ṣe? Ó yí padà sí gìtá onípákó, torí pé gìtá ní ara tí nǹkan lè lẹ̀ mọ́. Gbogbo jùjú olóhùn gíga tẹ́ ẹ mọ̀ lẹ́yìn náà, títí dé ọ̀dọ̀ Ebenezer Obey àti Sunny Ade, ibi ohun tí kò rọ́nà lẹ̀ mọ́ra yẹn ló gbà kọjá. Èmi fẹ́ràn ìtàn yẹn ju gbogbo ìtàn àwo góòlù lọ.

Àwọn míì wà tí wọ́n fọwọ́ ara wọn ṣe é, ẹ jẹ́ kí n yára dárúkọ wọn. Ibrahim Ag Alhabib, Tuareg láti ilẹ̀ Mali, wọ́n pa bàbá rẹ̀ nínú rògbòdìyàn ọdún 1963, ó dàgbà sí ìgbèkùn ní Algeria. Agolo, igi, àti wáyà bíréèkì kẹ̀kẹ́ ló fi ṣe gìtá àkọ́kọ́. Òun ló dá ẹgbẹ́ Tinariwen sílẹ̀. Ní Kinshasa, Mingiedi tó dá Konono No. 1 sílẹ̀ yọ òòfà lára ẹ̀yà mọ́tò, ó fi ṣe ohun tó ń gbé ohùn àgídìgbo wọn sínú ampilifáyà, kó lè borí ariwo ìgboro. Ní London, Brian May àti bàbá rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ tiwọn ní oṣù kẹjọ 1963, nílé. Igi ara ibi ìdáná àtijọ́ ni wọ́n fi gbẹ́ ọrùn, wọ́n yọ sípíríìǹgì lára ẹ́ńjìnnì alùpùpù, wọ́n fi bọ́tìnnì ìyá rẹ̀ ṣe àmì sórí ọrùn. Ọmọ yẹn wé òòfà tirẹ̀ fúnra rẹ̀, kò tẹ́ ẹ lọ́rùn, ó ra ti ṣọ́ọ̀bù dípò rẹ̀. Gìtá yẹn náà ló gbé gun òrùlé ààfin ọbabìnrin ní 2002.

Ohùn karùn-ún

Èyí ó kẹ́yìn. Ọ̀gá ọmọ wa ní kí n sọ ohun tí àwọn tó ti ṣe é ṣáájú mọ̀, kí ọmọ má bàa fi pákó ṣòfò. Ó dáa náà.

Àkọ́kọ́, gígùn. Gìtá oníná lásán máa ń tó mítà kan láti òkè dé ìsàlẹ̀, kò lè wọ Ghana-Must-Go. Ṣùgbọ́n ẹ ṣọ́ra, apá ibi tí okùn ti ń dún nìkan ló ṣe pàtàkì, láti ibi tó ti kúrò lórí dé ibi tó ti balẹ̀ lára. Orí gìtá, níbi tí kọ́kọ́rọ́ wà, kò dún rárá. Nǹkan bí ogójì ọdún ó lé sẹ́yìn, Ned Steinberger ní Amẹ́ríkà gé orí kúrò pátápátá, ó gbé kọ́kọ́rọ́ lọ sí ìdí. Bí ọmọ wa bá ṣe bẹ́ẹ̀, báàgì á gba á láìgé ohùn kankan kúrò.

Ìkejì, agbára. Okùn mẹ́fà, tí wọ́n bá fà wọ́n le lórí gìtá oníná, àpapọ̀ agbára tí wọ́n fi ń fa ọrùn fẹ́rẹ̀ẹ́ tó kílò 45. Àpò sìmẹ́ńtì kan nìyẹn, ó kù díẹ̀. Ọ̀sán àti òru ni o. Pákó bẹ́ẹ̀dì tó rọ̀ máa tẹ̀ bí ọrun. Kó fi ìyẹn ṣe ara, kó wá igi líle fún ọrùn, ìrókò tàbí ọ̀gànwó, kí ìlà igi náà sì lọ gbọọrọ pẹ̀lú ọrùn, kó má dábùú.

Ìkẹta ni ibi tí ọ̀pọ̀ ń bà á jẹ́ sí: ibi tí àwọn irin tẹ́ẹ́rẹ́ máa wà lórí ọrùn. A kì í fojú wọ̀n ọ́n. Vincenzo Galilei, bàbá Galileo tó wo ìràwọ̀, kọ ìṣirò rẹ̀ sílẹ̀ ní Ítálì lọ́dún 1581, ìṣirò ọjà ni: pín gígùn okùn sí 18, ìpín kan ni irin àkọ́kọ́, pín èyí tó kù sí 18, ìpín kan ni ìkejì, máa ṣe bẹ́ẹ̀ lọ. Ká ní okùn ń dún lórí sẹ̀ǹtímítà 54. Pín in sí 18, ẹ rí 3. Ó ku 51. Pín in sí 18, ẹ rí 2.83. Ẹ máa lọ. Irin kejìlá yóò já sí bí 26.8, ó sì yẹ kó já sí 27 gééré, àárín okùn. Ìdí nìyẹn táwọn tó ń ṣe gìtá lónìí fi ń pín in sí 17.8 dípò 18. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ní kákúlétọ̀ nínú ṣọ́ọ̀bù, ẹ bá a ṣe é.

Ìkẹrin, òòfà àti wáyà. Òòfà kò wọ́n, ó wà lẹ́yìn súpíkà tó ti bàjẹ́. Wáyà ni wàhálà. Tẹ́ ẹ bá lọ bá àwọn tó ń wé fáànù ní òpópó wa, wáyà tí wọ́n máa fún yín nípọn jù. Ti gìtá tẹ́ẹ́rẹ́ ju irun orí lọ díẹ̀, bíi 8,000 ìgbà ni wọ́n sì ń wé e yí òòfà ká. Ibi tí irú ẹ̀ wà ni inú aago ara ògiri, èyí tó ń lo bátìrì kan. Ẹ tú u, kọ́ìlì kékeré kan wà níbẹ̀. Ti aago kan kò ní tó, ó máa gba mélòó kan. Nítorí náà, ẹ̀yin tẹ́ ẹ ní aago òkú nílé, ẹ má jù ú nù, ẹ mú un wá sí ìpàdé.

Okùn gbọ́dọ̀ jẹ́ irin. Okùn apẹja kò ní dún nínú súpíkà rárá, òòfà ò mọ̀ ọ́n. Àti pé, kò nílò ampilifáyà tirẹ̀. Súpíkà ńlá àwọn akẹ́kọ̀ọ́ tó ní ẹnu máìkì máa gbé e. Tí kò bá sì so ó mọ́ nǹkan kan, ariwo rẹ̀ ò ju ti ẹ̀fọn lọ. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń gbé ilé tí yàrá kọjú sí yàrá, ẹ mọ ìtumọ̀ ìyẹn: ó lè tẹ̀ ẹ́ láago méjìlá òru kí ọ̀gá má gbọ́.

Ó ku kọ́kọ́rọ́ okùn. Ọmọ náà béèrè lọ́wọ́ mi bóyá òun lè ṣe bíi ti Uwaifo. Mo ní kó lọ sí ìsọ̀ ọ̀gá rẹ̀, kó mú agolo sàdíìnì kan, kó wò ó. Òrùka ni wọ́n fi ń ṣí i báyìí. Kọ́kọ́rọ́ ti kúrò lára rẹ̀ tipẹ́. Kọ́kọ́rọ́ mẹ́fà yẹn, ó máa ní láti rà á.